Ta Ló Mọ Ibi Tí Táńkì Wà? Ìtàn Omi Abẹ́ Ilẹ̀ àti Ilé Epo Àtijọ́



Ó ṣòro láti rí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò ní ilé epo àtijọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta bẹntiróòlù nígbà kan ti di ṣọ́ọ̀bù, ó ti di ilé ìjọsìn, ó ti di ilé gbígbé. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo kúrò, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun ògiri. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ sí táńkì tó wà lábẹ́ ilẹ̀? Bí ẹni tó ra ilẹ̀ náà bá gbẹ́ kànga síbẹ̀, irú omi wo ni yóò máa fà?

Ẹnìkan lè ní kí ni ó kan àwa tí à ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé kí a fi sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti omi. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé kí àwọn onímọ̀ náà tó gbé ẹ̀rọ kankan dé ibẹ̀, ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Níbi tí a kò bá ti kọ ìtàn ilẹ̀ sílẹ̀, ẹnu àgbà ni ó kù tí a lè gbọ́ ọ. A ó kọ́kọ́ gba Amẹ́ríkà kọjá, nítorí pé àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ níbẹ̀ gan-an, lẹ́yìn náà a ó padà wálé.

Kí ló gbé táńkì wọ abẹ́ ilẹ̀?

Ìbẹ̀rù iná ni. Ní ọdún 1885, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sylvanus Bowser, ní ìlú Fort Wayne ní ìpínlẹ̀ Indiana, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fa kẹrosíìnì láti inú àgbá, ó sì tà á fún ọlọ́jà kan. Kò tíì sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú pópó nígbà náà. Epo àtùpà ni àwọn ènìyàn ń wá. Nígbà tí mọ́tò dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, bẹntiróòlù di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹntiróòlù kì í fi iná ṣeré. Bí àgbá epo bá wà láàárín ọjà tí iná sì ràn mọ́ ọn, àdúgbò lè jó tán. Wọ́n wò ó pé kí àwọn sin ín, kí iná má baà rí i. Ọgbọ́n gidi ni ní ìgbà yẹn, ó sì ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀nà pọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà, mọ́tò pọ̀ sí i, ilé epo sì ń hù káàkiri. Irin lásán ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ táńkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà náà, wọn kò fi ohunkóhun dáàbò bò ó. Irin tó bá wà nínú ilẹ̀ tútù yóò dípẹtà, ọ̀rọ̀ ìgbà ni. Ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò: táńkì tó bá ń jo líta kan péré lójúmọ́ yóò ti da epo tó lé ní líta 3,600 sínú ilẹ̀ láàárín ọdún 10. Ẹni tó ni ilé epo náà lè má fura, nítorí pé líta kan kò hàn nínú ọjà tó ń tà lójoojúmọ́.

Ìgbà tí ariwo ta

Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti rì wọ́n mọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tú síta. Ní ọdún 1983, ètò tẹlifíṣọ̀n 60 Minutes ní Amẹ́ríkà fi ìròyìn kan hàn nípa táńkì tó ń jo àti omi tó ti bàjẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1984, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin àpapọ̀ àkọ́kọ́ tó dá lórí táńkì abẹ́ ilẹ̀. Ní 1986 wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún títún ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe: ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́ǹtì ni wọ́n ń yọ lórí gálọ́ọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Ní 1988 ìlànà kíkún jáde, wọ́n sì fún àwọn onílé epo ní ọdún 10, títí di ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1998, láti tún táńkì wọn ṣe, láti pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n tì í pa.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú táńkì jáde ni wọ́n tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Láti ìgbà náà di ìsinsìnyí, ibi tí wọ́n ti rí i dájú pé epo jò jáde ní Amẹ́ríkà lé ní 500,000. Wọ́n sì ti ti táńkì tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pa. Ohun tí ọ̀kan ń fi pamọ́ fún ìran kan, òmíràn ni ó wá hú u jáde.

Bí epo ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀

Kí a tó sọ bí wọ́n ṣe ń yẹ omi wò, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń wá. Bí bẹntiróòlù bá jò, yóò máa wọ́ lọ sísàlẹ̀ láàárín iyanrìn títí yóò fi kan omi. Nítorí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó lórí rẹ̀ bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Bí ó bá mọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá dẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan wà nínú bẹntiróòlù tó ń yọ́ mọ́ omi, tó sì ń bá omi lọ. Èyí tó burú jù nínú wọn ni benzene, tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí benzene má ju apá 10 nínú bílíọ̀nù kan lọ nínú omi mímu. Apá 5 ni òfin Amẹ́ríkà gbà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, líta benzene kan ṣoṣo tó láti ba omi tó lé ní mílíọ̀nù líta 80 jẹ́ kọjá ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú àti imú kò fi tó láti dá omi láre. Omi lè mọ́ gaara, kí ó má rùn, kí benzene sì wà nínú rẹ̀.

Ìgbà náà kò tún dúró sójú kan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ojú omi abẹ́ ilẹ̀ a lọ sílẹ̀, epo a bá a lọ. Bí òjò bá dé, omi a gbé epo sókè padà, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì há sáàárín iyanrìn. Ẹni tó bá yẹ omi wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì sọ pé kò sí nǹkan, kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtàn ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ní ọdún 1980 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó lè mú kí ẹni tó ra ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ san owó àtúnṣe rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló bà á jẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ra ilẹ̀ àti àwọn báńkì tó ń yá wọn lówó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé: kí ni wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀? Ní 1993, ìlànà kan jáde tó la bí a ó ṣe máa wádìí ìbéèrè náà lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ìpele kìn-ín-ní ìwádìí náà, ẹnikẹ́ni kì í gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Wọn a rìn yí ilẹ̀ náà ká, wọn a ka ìwé, wọn a wo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, wọn a sì bá àwọn tó mọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lára ohun tí wọ́n ń lò jù ni máàpù Sanborn. Ọdún 1867 ni ilé iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ni wọ́n sì ń yà á fún, kí wọ́n lè mọ ilé tí iná lè tètè mú. Nítorí náà, wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé sí i, wọ́n sì fi ibi tí táńkì bẹntiróòlù wà hàn. Wọ́n ya irú máàpù yìí fún ìlú tó lé ní 12,000. Kò sí ẹni tó ń ro ti omi mímu nígbà tí wọ́n ń yà á. Iná ni wọ́n ń sá fún. Síbẹ̀, òun náà ló wá ń sọ fún àwọn ọmọ ọmọ wọn ibi tí kò yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ìgbà tí wọ́n bá ti mọ ibi tí táńkì wà, tàbí ibi tó ṣeé ṣe kí ó wà, ni wọ́n tó wá gbẹ́ ilẹ̀. Wọn a bu erùpẹ̀ ní oríṣiríṣi ìjìnlẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ni kànga àyẹ̀wò. Eléyìí kì í ṣe kànga tí a ń pọn omi mu: páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n la ojú wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa wọlé. Ó kéré tán, mẹ́ta ni wọ́n ń gbẹ́, wọn kì í sì í tò wọ́n sórí ìlà kan. Wọn a wọn bí ẹnu kànga kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, wọn a wọn bí omi ṣe jìn tó nínú rẹ̀, wọn a yọ èkejì kúrò nínú èkíní, wọn a sì mọ ibi tí ojú omi ti ga àti ibi tó ti rẹlẹ̀. Bí kànga bá jẹ́ ẹyọ kan, kò lè sọ ibi tí omi ń ṣàn lọ. Bí ó bá jẹ́ méjì, ó lè tan ni jẹ. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ìgbà tí wọ́n bá pé mẹ́ta ni a tó mọ ọ̀nà tí omi gbà, tí a sì mọ ilé tó wà lójú ọ̀nà náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé bí ìtàn tí wọ́n gbọ́ kò bá tọ́, kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà ní ibi tí kò yẹ. Omi inú wọn yóò mọ́, ìwé àyẹ̀wò yóò sọ pé kò séwu, bẹ́ẹ̀ ni epo yóò sì máa ṣàn lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Santa Monica

Ní 1995, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí kan jáde lórí ibi tí táńkì ti jo ní Kalifóníà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ benzene tó jò kò rìn jìnnà kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 250 sí ibi tí táńkì wà. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tó ń gbé inú ilẹ̀, ló ń jẹ ẹ́ kí ó tó jìnnà. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ìṣòro náà ti fúyẹ́.

Àmọ́ nǹkan mìíràn ti wọ inú bẹntiróòlù. Láti 1979 ni wọ́n ti ń fi èròjà kan tó ń jẹ́ MTBE sínú rẹ̀ dípò òjé. Lẹ́yìn òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1990, wọ́n fi kún ìwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, kí èéfín mọ́tò má baà ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ó ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n MTBE máa ń yọ́ mọ́ omi kíákíá, ó ṣòro fún àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ láti jẹ ẹ́, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ sì ti tó láti mú kí omi ní òórùn àti adùn tí kò ṣeé mu. Níbi tí benzene ti dúró, òun kọjá lọ.

Ìlú Santa Monica, lẹ́bàá òkun ní Kalifóníà, ń gba apá púpọ̀ nínú omi rẹ̀ láti inú kànga tirẹ̀. Ní 1995 wọ́n rí MTBE nínú àwọn kànga Charnock. Nígbà tó fi máa di àárín 1996, wọ́n ti ti gbogbo wọn pa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn olùwádìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ sí oríṣiríṣi ilé epo àti páìpù tó yí ibẹ̀ ká. Ohun kan wà tó yẹ kí a mọ̀ níbi yìí: kànga ńlá tó ń fa omi lọ́sàn-án lóru ń yí ọ̀nà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbà padà. Ó ń fa omi tó mọ́, ó sì ń fa èyí tí kò mọ́, sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta 1999, Gómìnà Gray Davis pàṣẹ pé kí wọ́n yọ MTBE kúrò nínú epo ní ìpínlẹ̀ náà. Ní 2003, àwọn ilé iṣẹ́ epo ńlá kan gbà láti san owó fún ìlú Santa Monica kí ẹjọ́ náà lè parí. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn tí wọ́n ti àwọn kànga Charnock kí omi ibẹ̀ tó tún padà sẹ́nu àwọn ará ìlú, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ibi ìfọmimọ́ tuntun. Òfin wà, owó wà, máàpù wà, ilé ẹjọ́ sì dá sí i. Ó ṣì gbà wọ́n ní ọdún 15.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣé àwa kọ́ ọgbọ́n náà? Ní Barúwà, ní agbègbè Ìpájà, ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, bẹntiróòlù láti inú páìpù NNPC wọ inú kànga àwọn ará ìlú, wọ́n sì ti ń gbé pẹ̀lú ìyọnu náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Páìpù ni tiwọn, kì í ṣe táńkì, ṣùgbọ́n bákan náà ni epo ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ní Ogale, nílẹ̀ Ogoni, àjọ UNEP gbé ìròyìn jáde ní 2011 pé benzene tó wà nínú kànga tí àwọn ènìyàn ń mu fi ìlọ́po tó lé ní 900 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ, àti pé epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 ló léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò ní ìlànà. Láti 1991 ni ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí àyíká àti iṣẹ́ epo ti wà, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni àkọsílẹ̀ tí ará àdúgbò lè rí kà: àwòrán tó ń sọ pé níbí ni ilé epo wà, táńkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọdún báyìí ni wọ́n tì í pa. Bẹ́ẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń mu. Ilẹ̀ wa kò sì rí bákan náà. Èkó jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn tí omi rẹ̀ kò jìn, kò ṣòro fún epo láti dé ibẹ̀. Àpáta ni Ìbàdàn jókòó lé, inú pàlàpálá àpáta ni omi ń gbà, bí ojú ilẹ̀ bá sì dagun síhìn-ín, omi ìsàlẹ̀ lè yà sọ́hùn-ún. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè dúró lókè kí ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀nà tí epo gbà.

Iṣẹ́ tó já lé wa lọ́wọ́

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà, bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹni kan wé ti ẹlòmíràn, àti bí a ṣe ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mú ọdún. Àwọn tó ta epo ní ìgbà náà ṣì wà láyé: àwọn tó di họ́ọ̀sì mú, àwọn awakọ̀ táńkà, àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà. Bí bàbá kan kò bá rántí ọdún, ẹ bi í bóyá ilé epo náà ti wà kí a tó yí ìwakọ̀ padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni ìyẹn ṣẹlẹ̀, kò sì sí awakọ̀ ìgbà náà tí yóò gbàgbé.

Orúkọ ibùdókọ̀ náà jẹ́ àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ni à ń pè ní orúkọ ilé iṣẹ́ epo tí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Unipetrol fúnra rẹ̀ ti di Oando láti 2003. Orúkọ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó ń tọ́ka sí ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ohun tí a ó máa bèèrè kò pọ̀: Níbo gan-an ni wọ́n ti ń bu epo sínú táńkì? Mélòó ni táńkì náà? Ṣé wọ́n hú u nígbà tí wọ́n kó lọ, àbí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀? Ǹjẹ́ epo fìgbà kan rí dínkù láìsí pé wọ́n tà á? Ta ni omi kànga rẹ̀ kọ́kọ́ yí padà? Kí a kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí a ya àwòrán ibẹ̀, kí a sì fún ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní ilé-ìwé wa ní ẹ̀dà kan. Àwọn ló ní ẹ̀rọ. Àwa la lè bá àgbà sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń rántí nǹkan.

Bí ẹ bá sì ń gbé nítòsí irú ibi bẹ́ẹ̀, tí omi kànga yín ń rùn bí epo, ẹ má mu ún, ẹ má sì fi iná sún mọ́ ẹnu kànga náà. Álọ́ọ̀mù kì í yọ benzene kúrò nínú omi. Bí ẹ bá sì ń sè é nínú ilé, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí ni benzene náà yóò gbà bọ́ sí i. Kí omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní àkókò òjò. Bí kò bá tilẹ̀ rùn, tí ẹ sì mọ̀ pé ilé epo wà níbẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ìsinmi tó ń bọ̀ yìí tó parí, a fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bi àgbà kan ṣoṣo ní ilé rẹ̀ léèrè ibi tí ilé epo àkọ́kọ́ wà ní àdúgbò náà, àti ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí.